Bí ẹ ṣe máa yẹ ìtọ̀ yín wò fún ṣúgà nílé, tí ẹ ò sì ní ka èsì ẹ̀ gbòdì

Ohun tí mo ń rí ní Ìlọrin níbí ń dùn mí gan-an. Èèyàn á lọ ra sítíríìpù ìtọ̀ (ike pẹlẹbẹ tín-ín-rín tó ń yí àwọ̀ tí ṣúgà bá wà nínú ìtọ̀) ní kẹ́místì, á délé, á tọ̀ sínú ike, á ti sítíríìpù bọ̀ ọ́, tí kò bá ti yí àwọ̀ báyìí á ní "Alhamdulillah, mi ò ní ṣúgà", ó tán, ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ dókítà ti parí nìyẹn. Tó bá wá yí àwọ̀, ẹlòmíì á ti máa sunkún pé kíndìnrín òun ti bàjẹ́, wọ́n á ti pe ọmọ tó wà l'Ékòó, àgbo á ti wà lórí iná kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ọsibítù. Àwọn méjèèjì ló ka èsì yẹn gbòdì. Sítíríìpù ò parọ́ fún wọn o, ohun tí wọ́n ń bi í ni kò lè dáhùn.

Ohun kan ṣoṣo ni ìtọ̀ lè sọ fún yín: láti ìgbà tí ẹ tọ̀ kẹ́yìn títí di ìsinsìnyí, ṣé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín fìgbà kan pọ̀ ju èyí tí kíndìnrín yín lè kó padà lọ, àbí kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò lè sọ iye tí ṣúgà yín jẹ́, kò sì lè sọ pé ẹ ò ní àtọ̀gbẹ. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, orí ohun kan yìí ni wọ́n dúró lé.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Sítíríìpù ìtọ̀ tó ní ibi ṣúgà lára. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó ní ti púrótéènì àti kítóònù (èròjà tó ń jáde nígbà tí ara bá ń jó ọ̀rá dípò ṣúgà) pẹ̀lú, ẹ mú un, ó máa wúlò.
- Ike mímọ́ gbígbẹ tó ní ìdérí. Ike tí wọ́n ń tà fún lábù kò wọ́n.
- Aago tó ń ka sẹ́kọ́ńdì, ti inú fóònù ti tó.
- Mítà ṣúgà tí wọ́n fi ń gún ìka, tàbí ẹni tó ní i ládùúgbò tó máa jẹ́ kí ẹ lò ó. Abẹ́rẹ́ ìgúnka tiyín gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, ẹ má bá ẹnikẹ́ni pín in.
- Ìwé àti báírò.
- Orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, fítámínì wà nínú ẹ̀, àgbo náà wà nínú ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí kíndìnrín ń fi ṣúgà ṣe

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fo ibí yìí. Lójúmọ́ kan, kíndìnrín méjèèjì máa ń sẹ́ omi inú ẹ̀jẹ̀ tó tó nǹkan bíi lítà 180. Kì í ṣe pé a ní omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ara, omi kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀, tó ń gba ojú asẹ́ kọjá léraléra tọ̀sán-tòru. Ṣúgà ti yòrò sínú omi yẹn, ó kéré, asẹ́ kò lè dá a dúró, bí omi ṣe ń kọjá lòun náà ń bá a kọjá. Ká ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wà ní 100 mg/dL (ìyẹn gíráàmù kan nínú lítà kan), ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: nǹkan bíi gíráàmù 180 ló ń gba ojú asẹ́ kọjá lójúmọ́, ìyẹn lé ní ogójì ṣíbí tíì. Tí gbogbo ẹ̀ bá ń bá ìtọ̀ lọ, a ò bá ti rù kan egungun. Ṣùgbọ́n kì í bá a lọ, torí pé bí omi yẹn bá ṣe ń kúrò lójú asẹ́ ló ń wọ páìpù tín-ín-rín kan nínú kíndìnrín, ibẹ̀ ni ara ti ń kó ṣúgà padà sínú ẹ̀jẹ̀, tí kò ní ṣẹ́ku ohun tójú rí.

Àwọn tó ń kó o padà, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè wọ́n ni SGLT2 àti SGLT1. SGLT2 ló wà níbẹ̀rẹ̀ páìpù, òun ló ń kó bíi ìdá 90 nínú 100, SGLT1 wà níwájú, òun ló ń ṣa ìyókù. Ẹ fi wọ́n wé àwọn alábárù ọjà Ìpàtà. Tí ọkọ̀ ẹrù kan bá dé, wọ́n á kó o tán, ilẹ̀ á mọ́ féfé. Tí ọkọ̀ márùn-ún bá já lẹ́ẹ̀kan náà, iye alábárù ò lè ṣàdédé pọ̀ sí i, ẹsẹ̀ wọn ò sì lè yá ju bó ṣe ń yá lọ, ẹrù á ṣẹ́ kù sílẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù yẹn ni ṣúgà tí ẹ ń rí nínú ìtọ̀.

Ibi tí agbára wọn máa ń pin sí lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni nǹkan bíi 180 mg/dL. Tí mítà yín bá ń ka mmol/L, 10 nìyẹn (ẹ fi 18 pín ti àkọ́kọ́, ẹ máa rí ìkejì). Kì í ṣe ògiri o, ara ẹlòmíì á ti máa jò ní 160, ti ẹlòmíì á dúró títí ṣúgà á fi kọjá 200. Ẹni tí ara ẹ̀ dá, ṣúgà ẹ̀ kì í sábà kọjá 140 lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí náà ì báà jẹ àmàlà, ì báà mu kókó oníṣúgà pẹ̀lú mọ́sà, sítíríìpù ò ní rí nǹkan kan. Àwọn tó máa ń sọ pé "ṣebí mínírà tí mo mu lánàá ló fà á", rárá o, mínírà àná kọ́. Kíndìnrín tó pé, tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wà bó ṣe yẹ, á kó ṣúgà mínírà padà láìku ẹyọ kan.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́. Ṣúgà tó bá ń jáde kì í dá lọ, ó máa ń fa omi dání. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ṣúgà ẹ̀ ga fi ń jí lóru lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, tí ẹnu ẹ̀ sì ń gbẹ bí ìgbà ọyẹ́. Àwọn kan á wá rò pé omi tí wọ́n ń mu ló ń jẹ́ kí wọ́n máa tọ̀, wọ́n á dín omi kù. Ẹ má ṣe é! Ìtọ̀ ló kọ́kọ́ ń kó omi lọ kí òǹgbẹ tó dé, ẹni tó bá dín omi kù lásìkò yẹn ń gbẹ ara ẹ̀ ni, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á sì túbọ̀ ki.

Kí ẹ tó lọ sí ìgbésẹ̀ kejì, ẹ fi èyí dán ara yín wò: tí ṣúgà mi bá jẹ́ 150 mg/dL ní gbogbo àárọ̀ tí mi ò tíì jẹun, ṣé sítíríìpù ìtọ̀ á rí i? Kò ní rí i. Bẹ́ẹ̀ 126 sókè láìjẹun, tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì ní lábù, ó ti jẹ́ àtọ̀gbẹ. Tí èyí bá ti yé yín, ẹ ò tún ní sọ pé ìtọ̀ mi mọ́, ara mi dá mọ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yẹ sítíríìpù fúnra ẹ̀ wò

Ẹ ra èyí tó wà nínú ìgò ẹ̀ tí wọn ò tíì ṣí. Àwọn tó ń já a tà lẹ́yọ lẹ́yọ, ẹ má rà á lọ́wọ́ wọn, ẹ ò mọ ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, ẹ ò mọ ibi tó ti sùn. Afẹ́fẹ́ tó ní omi nínú ń bà á jẹ́, ooru ń bà á jẹ́, ìyẹn ni pé kò gbọ́dọ̀ wà ní balùwẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ wà nínú mọ́tò tẹ́ ẹ páàkì sínú oòrùn Ìlọrin oṣù kẹta. Ẹ má gbé e sínú fíríìjì náà. Tẹ́ ẹ bá ti yọ ẹyọ kan, ẹ dé ìgò padà lójú ẹsẹ̀, àpò kékeré tó wà nínú ìgò yẹn ẹ má jù ú nù, òun ló ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára ìgò, torí ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí i, ti ìgò tí wọn ò tíì ṣí ni.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́? Ẹ bu glúkóòsì oníyẹ̀fun tí wọ́n ń tà ní kẹ́místì, ṣíbí tíì kan sínú ìdajì ife omi, ẹ rò ó pọ̀, ẹ ti sítíríìpù kan bọ̀ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ yí àwọ̀ dáadáa. Ẹ ti òmíràn bọ omi lásán, ìyẹn ò gbọ́dọ̀ yí. Ẹ ti pàdánù sítíríìpù méjì, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ̀ pé ìyókù ṣeé gbára lé.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í: wọ́n á fi ṣúgà tíì dán an wò, kò ní yí, wọ́n á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Ṣúgà tíì kì í ṣe glúkóòsì, èròjà tó wà lára sítíríìpù kò mọ̀ ọ́n rárá, glúkóòsì nìkan ló mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka sáyẹ́ǹsì ní sẹ́kọ́ńdírì ẹ máa rántí omi búlúù Benedict tí wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ nǹkan, tó ń di gíríìnì, tó ń di yẹ́lò, tó ń pọ́n bíi bíríkì. Ìyẹn ò mọ ìyàtọ̀, ṣúgà inú mílíìkì tó bá jò sínú ìtọ̀ abiyamọ á yí i, fítámínì C tó bá pọ̀ á yí i. Tí ẹnikẹ́ni bá ṣì fi ìyẹn sọ fún abiyamọ pé ó ní àtọ̀gbẹ, kó lọ tún un ṣe pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀.

Ní ti èèrà. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà wa máa ń wo bóyá èèrà ṣù bo ibi tí èèyàn tọ̀ sí, ẹni tó bá rí i kó má fojú fo ó, kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Àmọ́ èèrà lè wá nítorí iyọ̀ àti nǹkan mìíràn tó wà nínú ìtọ̀, ó sì lè má wá rárá nígbà tí ṣúgà wà níbẹ̀. Ẹ má sọ pé kò sí èèrà, ara mi le.

Ìgbésẹ̀ 3: Bí ẹ ṣe máa gba ìtọ̀

Ibí ni wàhálà pọ̀ sí jù. Ìtọ̀ tẹ́ ẹ jí tọ̀ láàárọ̀, gbogbo òru ló ti ń kó jọ sínú àpòòtọ̀. Tí ṣúgà yín bá ga ní agogo mọ́kànlá alẹ́ lẹ́yìn tùwó, tó wá wálẹ̀ kó tó di ìdájí, ìtọ̀ àárọ̀ á ṣì ní ṣúgà, mítà á sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ yín dára, ẹ̀yin á wá máa bínú sí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ òótọ́ làwọn méjèèjì ń sọ, àsìkò tí oníkálukú ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ ni kò dọ́gba.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí:

1. Ẹ tọ̀ dànù tán pátá.
2. Ẹ mu ife omi kan, omi lásán.
3. Ẹ dúró nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.
4. Ẹ tún tọ̀, sínú ike. Èyí ni kẹ́ ẹ lò.

Ìtọ̀ kejì yìí ló sún mọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ yín báyìí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bóyá oúnjẹ ló ń gbé ṣúgà yín ga, ẹ jẹ́ kí ìtọ̀ kejì bọ́ sí wákàtí méjì lẹ́yìn tẹ́ ẹ jẹun. Èmi fẹ́ràn èyí ju ti àárọ̀ lọ, torí ìgbà tí ṣúgà bá ga jù ló máa ń jò.

Ẹ ṣọ́ra fún ike. Ike tí wọ́n fi bílíìṣì fọ̀, tí wọn ò ṣàn dáadáa, á mú kí sítíríìpù yí àwọ̀ láìsí ṣúgà kankan. Ìgò sóbò tàbí kúnú tí wọ́n ṣàn gààràgà náà kò dáa, ohun dídùn tó kù ní ìsàlẹ̀ ẹ̀ á dà yín láàmú. Ẹ má gbé ìtọ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ sọ́jà, kòkòrò kéékèèké tó ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀ máa ń jẹ ṣúgà, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ṣúgà tó wà níbẹ̀ lè ti lọ. Láàárín wákàtí kan kẹ́ ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìtọ̀ tó tutù láti inú fíríìjì náà kì í jẹ́ kí sítíríìpù ṣiṣẹ́ dáadáa.

Fítámínì C ńkọ́? Lórí sítíríìpù, òdìkejì ohun tó ń ṣe fún omi búlúù ló ń ṣe, ó ń bo ṣúgà mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń lá fítámínì C funfun àti èyí tó dùn bíi ọsàn nítorí ọ̀fìnkìn, kó dá a dúró fún odindi ọjọ́ kan kó tó yẹ ìtọ̀ wò. Àwọn sítíríìpù kan wà tí wọ́n ṣe tí fítámínì C ò fi lè dà láàmú, wọ́n á kọ ọ́ sára ìgò, ẹ kà á.

Ìgbésẹ̀ yìí ti dáa tí ìtọ̀ yín bá ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́, tó wà nínú ike gbígbẹ, tẹ́ ẹ sì lè kọ àsìkò mẹ́ta sílẹ̀: ìgbà tẹ́ ẹ jẹun kẹ́yìn, ìgbà tẹ́ ẹ tọ̀ dànù, ìgbà tẹ́ ẹ tọ̀ sínú ike.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ tì í bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì kà á

Ẹ ti gbogbo ojú tó wà lára sítíríìpù bọ ìtọ̀, kí gbogbo ẹ̀ rin, ẹ fà á yọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ nu etí ike kí èyí tó pọ̀ jù kán dànù, ẹ wá dì í mú ní ìbú, kò gbọ́dọ̀ dúró lóòró, torí àwọ̀ ojú kan á ṣàn lọ bá èkejì. Ẹ tẹ aago. Sítíríìpù mìíràn, 30 sẹ́kọ́ńdì ni wọ́n ń ka ṣúgà, òmíràn 60, ohun tó wà lára ìgò tiyín ni kẹ́ ẹ tẹ̀lé, ẹ má tẹ̀lé ti aládùúgbò. Nídìí fèrèsé ní ojúmọmọ ni kẹ́ ẹ ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ara ìgò, gílóòbù tó ń tan yẹ́lò ń tan ojú jẹ, tọ́ọ̀ṣì fóònù náà bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù: ẹni náà á tì í bọ̀ ọ́, á gbé e sórí tábìlì, á lọ kírun, á padà wá kà á. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì àwọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe èsì mọ́. Ẹ jù ú nù, ẹ mú òmíràn.

Ẹ kọ èsì sílẹ̀, tí kò bá yí náà ẹ kọ ọ́. Ẹ ka ti púrótéènì àti kítóònù tó bá wà. Púrótéènì ṣe pàtàkì nítorí pé ọ̀rọ̀ "kíndìnrín ti bàjẹ́" táwọn èèyàn ń sọ tí wọ́n bá rí ṣúgà, ara púrótéènì ló yẹ kí wọ́n ti máa wò ó. Ṣúgà nínú ìtọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀jẹ̀ ló ní ẹjọ́, kíndìnrín ń ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Púrótéènì tó ń jáde léraléra ló máa ń sọ pé ojú asẹ́ fúnra ẹ̀ ti ń ya.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ gún ìka, kẹ́ ẹ fi ẹ̀jẹ̀ gbe ìtọ̀ lẹ́sẹ̀

Ní kété tẹ́ ẹ bá tọ̀ sínú ike tán ni kẹ́ ẹ ti gún ìka. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ bó máńgòrò tí kò fọ ọwọ́, mítà á bá a ka ṣúgà máńgòrò mọ́ ti ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rù á sì bà á lásán. Ẹ̀gbẹ́ orí ìka ni kẹ́ ẹ gún, àárín ń dunni jù. Ẹ wo bóyá mg/dL tàbí mmol/L ni mítà ń sọ, torí 10 nínú èkejì ga, 10 nínú àkọ́kọ́ kò tiẹ̀ sí ẹni tó máa wà lójú ayé tó máa ka á.

Tí nọ́ńbà náà bá yà yín lẹ́nu, ẹ tún ọwọ́ fọ̀, ẹ gún ìka mìíràn. Tí méjèèjì bá sún mọ́ra, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìtọ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ ka àwọn méjèèjì pọ̀

*Ẹ̀jẹ̀ ga, ìtọ̀ ní ṣúgà.* Èyí kò ní ìtumọ̀ méjì, ṣúgà yín ti kọjá agbára kíndìnrín. Ẹ lọ sí ọsibítù láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kódà tí ara ò bá ni yín.

*Ẹ̀jẹ̀ ga, ìtọ̀ kò ní nǹkan kan.* Èyí ló ń ká mi lára jù, torí àwọn bàbá àti ìyá wa ló ń ṣẹlẹ̀ sí jù. Bí èèyàn ṣe ń dàgbà, tàbí tí àtọ̀gbẹ bá ti wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibi tí ṣúgà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jò lè gòkè. Ìyá àgbà lè wà ní 220 kí sítíríìpù má sọ nǹkan kan, wọ́n á ní kò sí nǹkan, wọ́n á máa fún un ní oúnjẹ bó ṣe wù ú, títí ẹsẹ̀ á fi dégbò tí kò jinná. Tẹ́ ẹ bá ní àgbàlagbà nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtọ̀ ṣọ́ ṣúgà wọn. Ìka ni kẹ́ ẹ máa gún.

*Ẹ̀jẹ̀ dára, ìtọ̀ ní ṣúgà.* Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ṣé ìtọ̀ kejì lẹ lò, tó bá jẹ́ ìtọ̀ àárọ̀ ni, ẹ tún un ṣe. Tó bá tún wá bẹ́ẹ̀, ó kù sí ọ̀nà bíi mẹ́rin.

Aláboyún kọ́kọ́. Nínú oyún, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba kíndìnrín kọjá máa ń pọ̀ sí i gan-an, ṣúgà tó ń wọ páìpù náà á pọ̀ sí i, nítorí náà ṣúgà lè jò díẹ̀ láìsí àtọ̀gbẹ. Síbẹ̀ kí aláboyún má fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, torí àtọ̀gbẹ inú oyún náà wà, ìtọ̀ kò sì lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Kó sọ fún nọ́ọ̀sì ní àǹtínátà, wọ́n á fún un ní omi glúkóòsì mu, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò lẹ́yìn ẹ̀.

Oògùn ni ìkejì. Tí orúkọ oògùn yín bá parí sí "gliflozin", bíi dapagliflozin tàbí empagliflozin, iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn. Ó ń dí SGLT2 lọ́wọ́ kí ṣúgà lè máa bá ìtọ̀ jáde, nítorí náà sítíríìpù á máa yí lójoojúmọ́, àní tí ẹ̀jẹ̀ bá dára. Ẹ má tìtorí àwọ̀ yẹn dá oògùn dúró. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni ojú ara, torí ibi tí ṣúgà bá ń gbà kọjá, ìyúnra máa ń fẹ́ràn ibẹ̀: ẹ máa fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ máa nù ún gbẹ, kẹ́ ẹ mu omi tó. Tí èébì àti àìlèjẹun bá dé nígbà tẹ́ ẹ wà lórí oògùn yìí, ẹ sáré lọ sí ọsibítù bí mítà bá tiẹ̀ sọ pé ṣúgà ò ga, torí kítóònù lè pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé ṣúgà ga.

Ìkẹta, àwọn kan wà tí wọ́n bí i mọ́. Àjogúnbá ni, ohun tó ń ṣètò SGLT2 nínú ara wọn ló yàtọ̀, ṣúgà ń jò láti kékeré, ẹ̀jẹ̀ wọn dára, ara wọn sì le. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í béèrè oògùn kankan. Ṣùgbọ́n dókítà ló gbọ́dọ̀ sọ pé òun ni, ẹ ò lè fi àìrí nǹkan ṣe fún ara yín ní orúkọ yẹn.

Èyí tó kẹ́yìn ni kí páìpù inú kíndìnrín fúnra ẹ̀ farapa. Òjé àti kádímíọ́ọ̀mù lè ṣe é, àwọn oògùn kan náà lè ṣe é, tenofovir tí wọ́n fi ń tọ́jú HIV wà lára wọn. Níbi tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ṣúgà kì í dá jò, àwọn èròjà mìíràn tí egungun ń lò á máa bá a lọ. Mo ń bẹ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mu àgbo inú ìgò tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ yín bá dára tí ìtọ̀ sì ń ní ṣúgà, ẹ gbé ìgò náà dání lọ bá dókítà, ẹ má fi pamọ́.

*Àwọn méjèèjì ò fi nǹkan kan hàn.* Ó dáa, fún wákàtí yẹn. Tí bàbá tàbí ìyá yín bá ní àtọ̀gbẹ, tẹ́ ẹ bá sanra níkùn, tàbí tẹ́ ẹ ti lé lógójì ọdún, ẹ ṣì lọ ṣe ti lábù.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ibí, torí ìlú wa ni Ìlọrin. Ẹni tó ń lo oògùn ṣúgà tó ń gbààwẹ̀ Ràmàdáànì, kó má fi ìtọ̀ mọ̀ bóyá ara òun le. Ìtọ̀ ò lè sọ láéláé pé ṣúgà ti lọ sílẹ̀ jù, 90 àti 45 bákan náà ni wọ́n rí lójú sítíríìpù, bẹ́ẹ̀ 45 lè dá èèyàn dùbúlẹ̀. Ìka ni kó gún. Tó bá wà lábẹ́ 70 mg/dL, kó ṣínu lójú ẹsẹ̀, tó bá kọjá 300, kó ṣínu bákan náà. Kó sì ti rí dókítà ẹ̀ kí oṣù tó lé, torí oògùn sàárì àti ti ìṣínu lè gba àtúntò.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìgbà tẹ́ ẹ máa lọ, àti ohun tẹ́ ẹ máa gbé dání

Lójú ẹsẹ̀, lóru tàbí lọ́sàn-án: ṣúgà nínú ìtọ̀ pẹ̀lú kítóònù tó pọ̀, pàápàá tí inú bá ń run, tí èébì ń bọ̀, tí mímí ń yára tó sì jinlẹ̀, tí ẹnu ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù, tàbí tí ẹni náà ń sọ̀rọ̀ kátikàti. Ọmọdé tó ń gbẹ, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn tó ti jáwọ́, tó ń mu omi láìdáwọ́ dúró, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì fún un.

Tí kì í bá ṣe pàjáwìrì, ọsibítù ìjọba tó sún mọ́ yín ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ Ọ̀fà, ì báà jẹ́ Òmù-Àrán. Àwọn náà ló máa kọ̀wé fún yín lọ sí UITH, ọsibítù ńlá Yunifásítì Ìlọrin, l'Òkè Òyì tí ọ̀rọ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣe ṣúgà ẹ̀jẹ̀ láìjẹun fún yín, kẹ́ ẹ sì ti wà láìjẹun fún ó kéré tán wákàtí mẹ́jọ, omi lásán nìkan lẹ lè mu. Ẹ béèrè HbA1c náà tí agbára bá ká a, òun ló ń sọ bí ṣúgà ṣe rí fún bíi oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, 6.5 nínú 100 sókè ni wọ́n ń pè ní àtọ̀gbẹ. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé ó ní i, kó rí i dájú pé wọ́n ń yẹ púrótéènì inú ìtọ̀ àti kíríátíníìnì (ìdọ̀tí tó yẹ kí kíndìnrín máa yọ) inú ẹ̀jẹ̀ wò fún un lọ́dọọdún.

Ẹ gbé ìwé tẹ́ ẹ kọ dání pẹ̀lú àsìkò tó wà níbẹ̀, ẹ kó gbogbo oògùn sínú ọ̀rá kan, kẹ́ ẹ sì mú ìgò sítíríìpù yẹn pẹ̀lú, torí pé àmì ìfikún méjì (++) lára ìgò tiyín lè má jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú méjì lára ìgò tí dókítà mọ̀.